Àwọn Tí Ń Fi Orin àti Ẹ̀bùn Dẹ Ọmọ Ọlọ́mọ

Ẹ̀yin abiyamọ, ẹ̀yin ìyàwó ilé, ẹ jẹ́ kí a fi ọ̀rọ̀ aṣọ fífọ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 2011, ní ìlú kan tí ń jẹ́ Gera ní ìlà-oòrùn orílẹ̀-èdè Jámánì, àwọn ọ̀dọ́ péjọ síbi àríyá orin kan. Kì í ṣe àríyá lásán. Àwọn ẹgbẹ́ tí ó kórìíra àlejò àti ẹni tí àwọ̀ ara rẹ̀ kò bá funfun ni wọ́n pe àríyá náà, orin ìkórìíra ni wọ́n sì ń kọ níbẹ̀. Wọ́n pín ẹ̀wù bí 250 fún àwọn tí ó wá, lọ́fẹ̀ẹ́. Àwòrán agbárí òkú àti àsíá wà láyà ẹ̀wù náà, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ akọ tí inú irú àwọn ọ̀dọ́ bẹ́ẹ̀ máa ń dùn sí. Wọ́n gbà á tayọ̀tayọ̀, wọ́n gbé e relé. Ṣùgbọ́n nígbà tí omi àti ọṣẹ kan ẹ̀wù náà, àwòrán òkè ṣí dànù, ọ̀rọ̀ mìíràn sì yọ jáde lábẹ́ rẹ̀. Ó ń sọ fún ẹni tí ó ni ín pé ohun tí ẹ̀wù rẹ̀ lè ṣe, òun náà lè ṣe é, àti pé àwọn kan wà tí yóò ràn án lọ́wọ́ láti jáde kúrò nínú ẹgbẹ́ náà.

Àwọn tí wọ́n wà nídìí ẹ̀wù yìí ni EXIT-Deutschland, àjọ kan tí iṣẹ́ wọn jẹ́ kíkó ènìyàn yọ kúrò nínú ẹgbẹ́ ìkórìíra. Wọ́n fi ẹ̀wù náà ránṣẹ́ láìdárúkọ ara wọn. Wọ́n ti mọ̀ pé orin àti ohun ọ̀fẹ́ ni àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyí fi ń fa ọmọ mọ́ra, wọ́n sì fi ohun ìjà ọ̀tá dojú kọ ọ̀tá. Ta ni í sì í fọ ẹ̀wù ọmọkùnrin ọlọ́dún mẹ́rìndínlógún? Mo rò pé ẹ mọ̀ ọ́n. Mo máa ń rò ó lọ́kàn ara mi pé nínú ilé púpọ̀, ìyá ni yóò ti kọ́kọ́ ka ọ̀rọ̀ náà, pẹ̀lú ọṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ta ni wọ́n?

Ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, alákatakítí apá ọ̀tún ni wọ́n ń pe irú àwọn ẹgbẹ́ yìí. Ilẹ̀ Faransé ni ọ̀rọ̀ ọ̀tún àti òsì yìí ti wá. Ní ọdún 1789, nígbà tí àwọn aṣojú ìlú jókòó láti jíròrò lórí agbára ọba, àwọn tí ó fẹ́ kí agbára náà dúró kó ara wọn jọ sí ọwọ́ ọ̀tún alága, àwọn tí ó fẹ́ àyípadà sì kó ara wọn jọ sí òsì. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín, kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó jókòó sí ọ̀tún ni ó burú. Ẹni tí ó fẹ́ràn àṣà ìlú rẹ̀, tí ó fẹ́ kí ìjọba ṣọ́wó ná, tàbí tí ó ń bẹ̀rù pé àlejò ti pọ̀ jù ní àdúgbò rẹ̀, kò tíì di alákatakítí. Alákatakítí ni ẹni tí ó gbàgbọ́ pé ẹ̀jẹ̀ kan ga ju ẹ̀jẹ̀ kejì lọ, tí ó fẹ́ kí a lé Júù, aláwọ̀ dúdú, Mùsùlùmí àti àlejò jáde tàbí kí a pa wọ́n, tí kò sì fẹ́ kí òfin tàbí ìdìbò dá òun lọ́wọ́ kọ́.

Baba ìsàlẹ̀ wọn ni Adolf Hitler, ẹni tí àwọn bàbá wa àgbà fi orúkọ rẹ̀ pe ogun tí ó gbé ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà dé Bọ́má. Ọdún 1933 ni ó gorí àlééfà ní Jámánì. Kí ogun tó bẹ́ sílẹ̀ ní 1939, ó ti gba ọmọ lọ́wọ́ ìyá wọn. Òfin kan jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 1936 pé gbogbo ọ̀dọ́ ilẹ̀ náà ni yóò wà nínú ẹgbẹ́ rẹ̀, ọkùnrin lọ́tọ̀, obìnrin lọ́tọ̀. Ìlù, orin, ìrìn ẹsẹ̀ kan náà, oúnjẹ tí a sè lórí iná inú igbó: kò sí ọmọ tí irú nǹkan báwọ̀nyí kì í wù.

Kò gbàgbé àwọn ìyá. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1938 ó dá àmì-ẹ̀yẹ kan sílẹ̀ fún abiyamọ. Ẹni tí ó bí ọmọ 4 tàbí 5 gba ti idẹ, ẹni tí ó bí 6 tàbí 7 gba ti fàdákà, ẹni tí ó bí 8 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ gba ti wúrà. Ẹ wò ó, inú obìnrin wo ni kò ní dùn bí a bá fi wúrà kọ́ ọ lọ́rùn lójú àwùjọ nítorí ọmọ tí ó bí? Ṣùgbọ́n obìnrin Júù kò lè gbà á, bí ó tilẹ̀ bí méjìlá. Nígbà tí ogun sì ń lọ sópin, àwọn ọmọ ọdún 16 wà lára àwọn tí wọ́n pè láti wá gbé ìbọn. Kí ogun náà tó parí ní 1945, Hitler àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ti pa Júù bíi mílíọ̀nù mẹ́fà, ọkùnrin, obìnrin, àti ọmọ ọwọ́.

Ogiri tí ó lanu

Bí ogiri kò bá lanu, aláǹgbá kò ní ráyè wọ ibẹ̀. Ní ìlà-oòrùn Jámánì, ogiri lanu lẹ́yìn ọjọ́ 3 oṣù Kẹwàá ọdún 1990, nígbà tí Jámánì méjèèjì di ọ̀kan. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ìjọba àná ti ìlẹ̀kùn. Bàbá tí ó ti ń jí lọ síbi iṣẹ́ láti ogún ọdún di ẹni tí ń jókòó sílé láti àárọ̀ di alẹ́. Ilé ìgbafẹ́ tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń ṣeré di àgádágodo. Olùkọ́ tí ó ń yin ìjọba àná ni ó tún ń bú u lónìí, ọmọ kò sì mọ ẹni tí òun yóò gbọ́ràn sí lẹ́nu mọ́. Ìgbà yìí gan-an ni àwọn Nazi tuntun láti ìwọ̀-oòrùn dé, pẹ̀lú ìwé pélébé, bíà, àti ìdáhùn kan ṣoṣo sí gbogbo ìbéèrè, pé àlejò ni ó fà á.

N kò gbà pé òṣì nìkan ni í sọ ọmọ di apànìyàn. Ọ̀pọ̀ ọmọ tálákà ni kò ju òkò lu ẹnikẹ́ni rí, àwọn ọmọ onílé ńlá sì wà nínú ẹgbẹ́ wọ̀nyí. Ṣùgbọ́n ìyà tí kò ní àlàyé máa ń wá ẹni tí yóò dì í rù.

Ọ̀kan nínú àwọn ẹni àkọ́kọ́ tí ó kú nínú ọ̀rọ̀ náà ni Amadeu Antonio, ọmọ Àǹgólà tí ó wá ṣiṣẹ́ ní ìlú Eberswalde. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1990, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ya bò ó lóru, wọ́n lù ú títí ó fi dákú. Kò jí mọ́. Ó kú ní ọjọ́ 6 oṣù Kejìlá. Obìnrin tí wọ́n jọ ń gbé wà nínú oyún, ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni wọ́n bí ọmọ náà. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1992, ní Rostock, wọ́n sọ iná sí ilé tí àwọn ará Vietnam tí ó lé ní 100 wà nínú rẹ̀, àwọn aládùúgbò sì dúró níta tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Ọlọ́run yọ àwọn tí ó wà nínú ilé, wọ́n gba orí òrùlé sá lọ.

Ìyá Genç ti Solingen

Mo fẹ́ kí a dúró díẹ̀ lọ́dọ̀ obìnrin kan tí ń jẹ́ Mevlüde Genç. Ọmọ ilẹ̀ Tọ́kì ni. Ìwọ̀-oòrùn Jámánì ni òun àti ọkọ rẹ̀ ń gbé, ní ìlú Solingen, ìlú tí òkìkí rẹ̀ kàn nítorí ọ̀bẹ àti sìsọ́ọ̀sì tí wọ́n ń rọ níbẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ọ̀kan wà nínú ilé ìdáná yín. Ní òru ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 1993, àwọn ọ̀dọ́ kan dá epo sí ẹnu ọ̀nà ilé wọn, wọ́n sì ṣáná sí i. Ènìyàn márùn-ún ni ó kú, obìnrin ni gbogbo wọn: ọmọ Ìyá Genç méjì, ọmọ ọmọ rẹ̀ méjì, àti ọmọ ẹbí rẹ̀ kan tí ó wá kí wọn láti Tọ́kì. Èyí tí ó dàgbà jù jẹ́ ọmọ ọdún 27. Èyí tí ó kéré jù jẹ́ ọmọ ọdún 4.

Àwọn tí ó ṣe iṣẹ́ ibi yìí ńkọ́? Mẹ́rin ni wọ́n, èyí tí ó kéré jù jẹ́ ọmọ ọdún 16, èyí tí ó dàgbà jù jẹ́ ọmọ ọdún 23. Mẹ́ta nínú wọn ń lọ kọ́ ìjà ní ilé ẹ̀kọ́ kan níbi tí àwọn alákatakítí ti ń péjọ. Ẹ fiyè sí i: ìyá ọmọ tí ó ń lọ kọ́ ìjà yóò máa dúpẹ́ pé ọmọ òun kò sí ní ilé ọtí, pé ó rí nǹkan gidi fi ọwọ́ ṣe, pé ara rẹ̀ ń le. Ní ọdún 1995 ilé-ẹjọ́ rán mẹ́ta lẹ́wọ̀n ọdún 10, ó rán èyí ẹ̀gbọ́n lẹ́wọ̀n ọdún 15.

Ìyá Genç kò kúrò ní Solingen. Ó bẹ àwọn ènìyàn rẹ̀ tí inú ń bí, tí wọ́n fẹ́ dá ìlú rú, pé kí ikú àwọn ọmọ òun má ṣe di ìjà. Ó gba ìwé ọmọ onílẹ̀ Jámánì. Ní ọdún 1996 ìjọba ilẹ̀ náà fi àmì-ẹ̀yẹ ńlá dá a lọ́lá, ọdún 2022 ni ó sì kú. Ibi tí ilé náà wà rí, igi márùn-ún ni ó dúró síbẹ̀ nísinsìnyí.

Bí wọ́n ti í ń dẹ ọmọ

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ìkórìíra ni í mú ọmọ wọ ẹgbẹ́. Àwọn olùwádìí tí wọ́n jókòó ti ọ̀ràn yìí, bíi Tore Bjørgo ti ilẹ̀ Norway, rí i pé ọ̀pọ̀ ìgbà ni ó jẹ́ òdìkejì. Ẹgbẹ́ ni ọmọ ń kọ́kọ́ wọ̀, lẹ́yìn èyí ni ó ń kọ́ ìkórìíra. Ohun tí ó ń wá nígbà tí ó ń wọlé ni ọ̀rẹ́, tàbí ààbò lọ́wọ́ àwọn tí ń lù ú ní ilé-ìwé, tàbí ohun tí yóò mú ayé rẹ̀ gbóná díẹ̀, tàbí àgbà kan tí yóò pè é lórúkọ tí yóò sì bi í pé, "Ṣé o ti jẹun?" Ọmọ tí ẹnikẹ́ni kò bi ní ìbéèrè yẹn nílé, ẹ wo bí yóò ti ṣe dùn mọ́ ọn tó.

Orin ni ìdẹ wọn tí ó dára jù. Ní ọdún 1987, olórin kan ní Lọ́ńdọ̀nù tí ń jẹ́ Ian Stuart Donaldson dá ẹgbẹ́ Blood and Honour sílẹ̀ láti máa fi orin kó àwọn ọ̀dọ́ jọ. Ó tàn ká Yúróòpù kí ìjọba Jámánì tó fòfin dè é níbẹ̀ ní ọdún 2000. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, àwọn Nazi tuntun ní Jámánì ṣe àwo orin CD tí iye rẹ̀ tó 50,000, wọ́n fẹ́ pín in lọ́fẹ̀ẹ́ ní ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé. Ilé-ẹjọ́ ní kí wọ́n gbẹ́sẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ òṣèlú NPD ṣe tirẹ̀, ó sì pín in nígbà ìdìbò. Ìdí tí wọ́n fi yan orin hàn kedere: ọmọ tí kò ní jókòó gbọ́ ìwàásù ìṣẹ́jú márùn-ún yóò kọ orin kan náà ní ìgbà ọgọ́rùn-ún lóòjọ́, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ yóò sì wọ ọ́ lára láìmọ̀.

Àgọ́ ọlídé tẹ̀lé e. Ẹgbẹ́ kan wà ní Jámánì tí ń kó àwọn ọmọdé lọ sí inú igbó, tí wọ́n ń kọ́ wọn ní iná dídá, aṣọ àtijọ́, orin ìbílẹ̀, àti ẹ̀kọ́ ẹ̀jẹ̀ mímọ́ ti Hitler. Nígbà tí ìjọba fòfin de ẹgbẹ́ náà ní oṣù Kẹta ọdún 2009, ọ̀pọ̀ òbí tí ó ń rán ọmọ lọ kì í ṣe ẹni tí a tàn. Àwọn fúnra wọn ni ọmọ ẹgbẹ́. Èyí ni ó bà mí nínú jẹ́ jù, nítorí ọmọ tí wọ́n dẹ níta lè sá wá sílé, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n dẹ nínú ilé, níbo ni yóò sá sí?

Ní àwọn abúlé tí ìjọba ti gbàgbé, àwọn NPD a máa ṣe àjọ̀dún ọmọdé, wọ́n a gbé ilé rọ́bà tí àwọn ọmọ ń fò lórí rẹ̀ wá, wọ́n a sì bá àwọn ìyá tí kò níṣẹ́ kọ fọ́ọ̀mù owó ìrànlọ́wọ́ ìjọba. Kò sí ọ̀rọ̀ Hitler níbẹ̀ rárá ní ọjọ́ àkọ́kọ́.

Ọgbà ẹ̀wọ̀n náà jẹ́ oko ọdẹ fún wọn. Ingo Hasselbach, ọmọ ìlà-oòrùn Berlin, jẹ́ ọmọ àwọn tí ó gba ti ìjọba Kọ́múníísì gbọ́. Wọ́n tì í mọ́lé nígbà tí ó wà ní ọ̀dọ́ nítorí ó pariwo ní gbangba pé kí ògiri Berlin wó. Inú ẹ̀wọ̀n ni ó ti bá àwọn Nazi àtijọ́ pàdé. Ẹni tí ó wọlé gẹ́gẹ́ bí ọmọ aláìgbọràn jáde gẹ́gẹ́ bí ọmọ-ẹ̀yìn wọn, kò sì pẹ́ tí ó fi di olórí. Nígbà tí ó jáwọ́ ní 1993 tí ó sì kọ ìwé tú àṣírí wọn, bọ́ǹbù tí wọ́n fi ránṣẹ́ láti fi gbẹ̀san, ilé ìyá rẹ̀ ni wọ́n fi jíṣẹ́ sí. Kò bú. Ní ọdún 2000, òun àti Bernd Wagner, ọlọ́pàá àtijọ́ kan, dá EXIT-Deutschland tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ lókè sílẹ̀.

Àwọn obìnrin inú wọn

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ ọkùnrin nìkan ni. Ní ọdún 2006 àwọn obìnrin NPD dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀. Àwọn tí wọ́n ń ṣọ́ wọn lọ́wọ́ lẹ́sẹ̀ rí i pé irú àwọn obìnrin bẹ́ẹ̀ a máa wọ ìgbìmọ̀ òbí ní ilé-ìwé, wọ́n a máa yọ̀ǹda ara wọn láti se àkàrà òyìnbó fún àjọ̀dún, wọ́n a sì gbìyànjú láti di olùtọ́jú ní ilé-ìwé jẹ́léósinmi. Ta ni yóò fura sí obìnrin tí ó mú kéèkì wá?

Ní ìlú Zwickau, àwọn aládùúgbò mọ obìnrin kan gẹ́gẹ́ bí ẹni jẹ́jẹ́, onílé mímọ́, tí ó fẹ́ràn ológbò rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ gan-an ni Beate Zschäpe. Òun àti ọkùnrin méjì ni wọ́n jọ wà nínú ẹgbẹ́ ìkọ̀kọ̀ kan tí ó yìnbọn pa ènìyàn 10 láàárín ọdún 2000 sí 2007: mẹ́sàn-án jẹ́ àlejò tàbí ọmọ àlejò, ẹ̀kẹwàá jẹ́ ọ̀dọ́mọbìnrin ọlọ́pàá. Ẹni àkọ́kọ́ ni Enver Şimşek, ọmọ Tọ́kì tí ń ta òdòdó. Fún ọdún mọ́kànlá, àwọn ọlọ́pàá ń wá apànìyàn láàárín ẹbí òkú. Wọ́n tilẹ̀ sọ fún opó Şimşek pé ọkọ rẹ̀ ní obìnrin mìíràn níta, irọ́ tí wọ́n pa láti rí ohun tí yóò sọ. Ẹ fi ara yín sí ipò rẹ̀. Ọdún 2011 ni òtítọ́ tó tú jáde, ọdún 2018 ni ilé-ẹjọ́ sì rán Zschäpe lẹ́wọ̀n gbére.

Ọmọ inú yàrá

Ọ̀pọ̀ nínú yín ni ó ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ní Peckham, Lewisham tàbí Manchester, nítorí náà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò lè ṣàjèjì sí yín. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1977, ní Lewisham, ẹgbẹ́ National Front fẹ́ fi ẹsẹ̀ rìn la àdúgbò àwọn aláwọ̀ dúdú kọjá, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn sì jáde láti dí wọn lọ́nà. Nígbà náà ojú ni a fi ń rí wọn. Ní òní, ọmọ lè wà nínú yàrá rẹ̀, kí ìlẹ̀kùn tì, kí ìyá rẹ̀ rò pé ó ń ka ìwé.

Ní oṣù Kejì ọdún 2021, ọmọkùnrin ọlọ́dún 16 kan láti Cornwall gbà níwájú ilé-ẹjọ́ pé òun jẹ̀bi ẹ̀sùn ìpániláyà méjìlá. Ọmọ ọdún 13 ni nígbà tí ó kọ́kọ́ kó ìwé ìlànà bọ́ǹbù ṣíṣe jọ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ilé ìyá rẹ̀ àgbà ni ó ń gbé. Láti ibẹ̀ ni ó ti ń darí ẹ̀ka ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ẹgbẹ́ Nazi tuntun kan, tí ó ń yan ẹni tí yóò wọlé. Nígbà tí wọ́n sì tọpa olórí àpapọ̀ ẹgbẹ́ náà, ẹni tí àwọn ọmọ-ẹ̀yìn rẹ̀ ń pè ní ọ̀gágun, wọ́n bá a ní ilẹ̀ Estonia ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2020. Ọmọ ọdún 13 ni òun náà. Bí ìròmi bá ń jó lórí omi, onílù rẹ̀ ń bẹ nísàlẹ̀ odò, bẹ́ẹ̀ ni a máa ń sọ. Níhìn-ín, ọmọdé ni ìròmi, ọmọdé sì tún ni onílù.

Àwàdà ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ lórí fóònù. Àwòrán apanilẹ́rìn-ín kan nípa Júù, òmíràn nípa aláwọ̀ dúdú. Bí ọmọ bá rẹ́rìn-ín, wọ́n á fi èyí tí ó le jù ú lọ ránṣẹ́. Bí àgbàlagbà bá bínú, wọ́n á ní ẹ̀fẹ̀ ni, pé àgbà kò mọ ẹ̀fẹ̀. Láàárín àwọn tí ń ta eré lórí kọ̀ǹpútà pẹ̀lú rẹ̀, ẹnìkan á pè é sí yàrá ọ̀rọ̀ tí ó kéré sí i, láti ibẹ̀ sí èyí tí ó tún kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ, títí tí kò fi ní gbọ́ ohùn mìíràn mọ́. Wọ́n ní nọ́ńbà àṣírí pẹ̀lú. 88 dúró fún lẹ́tà H méjì, nítorí H ni lẹ́tà kẹjọ nínú ábídí Gẹ̀ẹ́sì àti ti Jámánì, ìkíni Hitler sì ni. 18 ni lẹ́tà orúkọ rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ lókè òkun, tàbí tí ọmọ yín ní ọ̀rẹ́ òyìnbó, bí ẹ bá rí nọ́ńbà wọ̀nyí lára ẹ̀wù tàbí lẹ́yìn orúkọ tí ọmọdé ń jẹ́ lórí fóònù, ẹ bi í léèrè. Ó lè jẹ́ ọdún ìbí ẹnìkan lásán. Ẹ ṣáà bi í, láìgbé ohùn sókè.

Àròsọ ni ó ń parí ohun tí àwàdà bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ 29 oṣù Keje ọdún 2024, ọ̀dọ́mọkùnrin kan fi ọ̀bẹ pa ọmọdébìnrin mẹ́ta níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ijó ní ìlú Southport. Kí ilẹ̀ tó ṣú dáadáa ni irọ́ ti gba orí fóònù kan pé Mùsùlùmí tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ìlú láti wá ibi ìsádi ni apànìyàn náà. Ìlú Cardiff ni wọ́n bí ọmọ náà sí, ṣùgbọ́n irọ́ ti lọ ní ogún ọdún. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan wọ́n kọlu mọ́sáláàṣí, wọ́n fẹ́ dáná sun ilé ìtura tí àwọn àlejò wà ní Rotherham, ìjọba Nàìjíríà sì kìlọ̀ fún àwọn ọmọ rẹ̀ pé kí wọ́n ṣọ́ra bí wọ́n bá ń lọ sí ilẹ̀ náà. Wọ́n fi ọ̀fọ̀ ìyá mẹ́ta ṣe pàǹpẹ́. Bí ó sì ti ń tẹ̀ síwájú nínú ọkàn ẹni tí ó bá bọ́ sínú rẹ̀ kò mọ ìyá yàtọ̀. Ní Hanau ní Jámánì, ní ọjọ́ 19 oṣù Kejì ọdún 2020, ọkùnrin kan yìnbọn pa ènìyàn mẹ́sàn-án tí ó kà sí àlejò. Ó padà sílé, ó pa ìyá tí ó bí i, lẹ́yìn náà ó pa ara rẹ̀.

Àwọn tí ó jáde

T. J. Leyden, ọmọ California, wọ ẹgbẹ́ àwọn tí ń fá orí kodoro ní ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀, lẹ́yìn tí bàbá àti ìyá rẹ̀ kọ ara wọn sílẹ̀. Òun náà wá di ẹni tí ń dẹ àwọn ẹlòmíràn. Ó sọ pé ní ọjọ́ kan, ọmọ rẹ̀ tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ta dìde, ó pa tẹlifíṣọ̀n nítorí àwọn aláwọ̀ dúdú wà nínú eré tí wọ́n ń ṣe, ó sì fi ọ̀rọ̀ èébú tí ó gbọ́ lẹ́nu bàbá rẹ̀ ṣàlàyé ìdí rẹ̀. Leyden ní inú òun kọ́kọ́ dùn. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rù wá bà á. Ní ọdún 1996 ó kó ohun gbogbo sílẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí lọ láti ilé-ìwé dé ilé-ìwé láti máa sọ bí wọ́n ti í ń dẹ ọmọ.

Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ Julie àti Bryon Widner gbé dé nígbẹ̀yìn. Ọmọ ẹgbẹ́ ni àwọn méjèèjì nígbà tí wọ́n pàdé. Ọkọ jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí ó dá ẹgbẹ́ onífárí kan tí wọ́n bẹ̀rù gidigidi sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Wọ́n ṣe ìgbéyàwó ní 2006, wọ́n bímọ, ayé ẹgbẹ́ sì sú wọn. Ṣùgbọ́n ọkọ ti fín gbogbo ojú àti ọrùn rẹ̀ ní tàdáwà pẹ̀lú àmì ìkórìíra. Kò sí ẹni tí yóò gbà á síṣẹ́. Àwọn ìyá ń fa ọmọ wọn sẹ́yìn bí wọ́n bá rí i ní ọjà. Ó burú tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ń ronú láti fi ásíìdì bó ojú ara rẹ̀.

Ìyàwó rẹ̀ ni kò jẹ́. Ó wá ọ̀nà lọ sọ́dọ̀ Daryle Lamont Jenkins, ọkùnrin aláwọ̀ dúdú tí ó ti ń bá irú àwọn bíi wọn jà láti ìgbà pípẹ́, ó ní kí ó gba àwọn. Ẹ ro bí ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò ti wúwo tó kí ó tó lè ṣe bẹ́ẹ̀. Jenkins kò lé e. Ó darí wọn sí Leyden, Leyden sì darí wọn sí àjọ kan ní ìpínlẹ̀ Alabama, tí ó bá wọn wá ẹni tí kò dárúkọ ara rẹ̀ tí ó san owó dókítà, 35,000 dọ́là. Iṣẹ́ abẹ 25 ni wọ́n ṣe fún Widner láàárín oṣù 16 ní ìlú Nashville, wọ́n ń fi iná sun tàdáwà náà kúrò díẹ̀díẹ̀. Ojú rẹ̀ a máa wú, ọwọ́ rẹ̀ a máa ró, ìyàwó rẹ̀ a sì máa tọ́jú rẹ̀ bí ọmọ ọwọ́. Nígbà tí ìtàn wọn jáde ní ọdún 2011, ó ṣì ń ní orí fífọ́, wọ́n ní kí ó yẹra fún oòrùn, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti mọ́.